Àká Kún, Ìkòkò Ṣófo

Ẹ kà: Jẹ́nẹ́sísì 41:46-57, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 6:1-7

Kò sí ìdílé kan nínú ìjọ wa tí ọ̀wọ́n ọjà kò kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó oṣù mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń tajà mọ̀ ọ́n, àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọmọ ilé-ìwé tó ń wọ ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí a bá ní kí àwọn ará sọ ohun tí a ó gbàdúrà lé lórí ní ìṣọ́ òru, oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé-ìwé ni ó ń gba iwájú. Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ àwọn ọ̀tá ilé baba ni. Àwọn mìíràn ní àmì ìgbà ìkẹyìn ni, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Àwọn ẹlòmíràn sì ń bú ìjọba láti àárọ̀ di alẹ́, wọn kò sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A kò sọ pé Sátánì kò ní ọwọ́ nínú ìyà aráyé. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n tó bá gbogbo orílẹ̀-èdè lápapọ̀, tó wọ ilé onígbàgbọ́ àti ilé aláìgbàgbọ́, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ ẹnìkan láti abúlé. Ó ní orísun, ó sì ní ọ̀nà tó gbà wọlé. Ẹni tó bá mọ ibi tí òrùlé ti ń jò ni ó mọ ibi tí yóò gbé abọ́ sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa nìyí: láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti dé, ìjọba ti ná owó púpọ̀, ó sì ti gbé ètò púpọ̀ kalẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ètò náà ní ìdí tó dára. Ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń forí ṣánpọ́n: àárín àká tí oúnjẹ wà àti ìkòkò ẹni tí ebi ń pa. Àárín yìí gan-an sì ni Ọlọ́run gbé ìjọ Rẹ̀ sí.

BÍ Ọ̀WỌ́N ỌJÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní òpin oṣù kejì ọdún 2020 ni a kọ́kọ́ rí ẹni tó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà. Láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni òfin kónílé-ó-gbélé tí ìjọba àpapọ̀ kéde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Àbújá. Ilé ìjọsìn tì, ọkọ̀ kò rìn, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí dẹ okùn náà. Télọ̀, onídìrí, awakọ̀, bíríkìlà àti alájàpá, tí wọ́n ń fi owó òní jẹun òní, ni ìyà náà jẹ jù. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ owó ọjà wọn tán. Ẹni tó bá jẹ owó ọjà dà bí àgbẹ̀ tó se èbù iṣu jẹ: ebi òní lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò gbìn nígbà tí òjò bá dé.

Ní àkókò kan náà, iye tí wọ́n ń ra epo rọ̀bì ní ọjà àgbáyé já wálẹ̀, débi pé ní àwọn ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2020, àgbá kan kò tó dọ́là 20. Bẹ́ẹ̀ ni epo yìí ni Nàìjíríà gbẹ́kẹ̀ lé jù láti rí dọ́là. Ètò ọrọ̀ ajé wa súnkì ní ìdá 6.1 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ọdún náà. Owó tó ń wọlé fún ìjọba dín kù, ìnáwó rẹ̀ kò dín kù. Ó ń yá owó lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀ léraléra, títí gbèsè náà fi ju trílíọ̀nù náírà 22 lọ kí ó tó di ìdajì ọdún 2023. Irú owó bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ síta láìjẹ́ pé ọjà pọ̀ sí i. Bí àpò gàrí mẹ́wàá bá wà lọ́jà, tí owó ọwọ́ àwọn olùrajà wá di ìlọ́po méjì, gàrí kò di ogún àpò. Iye rẹ̀ ni yóò gòkè.

Lẹ́yìn èyí ni ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, tí àlìkámà àti ajílẹ̀ wọ́n káàkiri ayé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba jẹ nínú rẹ̀: ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọ̀wọ́n ọjà níbẹ̀ ga dé ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kò sì rí irú rẹ̀ fún ogójì ọdún. Gánà tó wà ní itòsí wa kéde ní oṣù kejìlá ọdún náà pé òun dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè òkè òkun dúró ná. Nítorí náà, bí ọmọ tó wà ní òkè òkun bá ní owó tí òun ń fi ránṣẹ́ dín kù, kí bàbá àti ìyá má ṣe yára sọ pé ìyàwó ló yí i lórí padà.

OHUN TÍ ÌJỌBA ṢE

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, nítorí onígbàgbọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí èké, ìbá à ṣe nípa ìjọba. Owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti ń gbé púpọ̀ nínú owó orílẹ̀-èdè yìí mì. Nínú ètò ìṣúná ọdún 2023, trílíọ̀nù náírà 3.36 ni wọ́n pèsè fún un, fún oṣù mẹ́fà péré. Ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́ta jẹ nínú owó náà ju opó tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, àwọn onífàyàwọ́ sì ń gbé epo kọjá ẹnubodè. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ìrànwọ́ náà ti parí. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tó jẹ́ bí ₦185 ní Èkó di ₦488. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti di ₦998 ní ilé epo NNPC ní Èkó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ yọwọ́ kúrò nínú dídi iye náírà mú. Dọ́là kan tó jẹ́ bí ₦470 kọjá ₦1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Báńkì náà tún gbé èlé tó fi ń darí àwọn báńkì yòókù sókè, láti ìdá 11.5 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 dé ìdá 27.5 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, kí owó má baà pọ̀ jù lóde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ó sọ ọ́ di 27. Èrò wọn ni pé kí ọ̀wọ́n ọjà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń wo ibà a máa korò: oníṣòwò kékeré tó fẹ́ yá owó láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ rí i pé èlé rẹ̀ ti ju èrè rẹ̀ lọ.

Ìjọba tún fi kún owó oṣù. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin, tó jẹ́ ₦30,000 láti ọdún 2019, di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní ọdún 2019 tí lítà epo jẹ́ ₦145, ₦30,000 lè ra nǹkan bíi lítà 207. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí lítà kan jẹ́ ₦998, ₦70,000 kò ra ju lítà 70 lọ. Owó pọ̀ lójú, ó dín lọ́wọ́. Epo yìí náà ló sì ń gbé ẹ̀fọ́, iṣu àti tòmátì wá sọ́jà.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè sọ pé ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 wọ́n yí ọ̀nà ìṣirò náà padà, a kò sì lè fi nọ́ńbà tuntun wé ti àtijọ́ tààrà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 wọ́n ní ó ti di bí ìdá 16. Àwọn ará ń béèrè pé: bí ó bá ti dín kù, kí ló dé tí gàrí kò padà sí iye àná? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nọ́ńbà yìí ń sọ bí ọjà ṣe ń sáré gòkè sí ni, kò sọ pé ọjà ń bọ̀ wálẹ̀. Bí ìwọ̀n gàrí kan bá jẹ́ ₦1,000, tó wọ́n ní ìdá 30 ní ọdún kan, ó di ₦1,300. Bí ó bá wọ́n ní ìdá 15 péré ní ọdún kejì, ó di ₦1,495. Ìsáré náà dín kù, ṣùgbọ́n òkè ni ó ṣì ń lọ. Ẹni tí èyí bá yé kò ní fi owó ilé-ìwé ọmọ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn fún ọdún méjì, kí ó wá máa retí pé yóò tó.

LÁÀRIN ÀKÁ ÀTI ÌKÒKÒ

Ní àkókò kónílé-ó-gbélé, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tí a pè ní CACOVID, wọ́n sì fi oúnjẹ ṣe ìrànwọ́ fún àwọn ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza ní Èkó, ní Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Ìrẹsì, gàrí, núdùsì àti ṣúgà ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé ní ibòmíràn ẹrù náà kò tíì pé, àti pé àwọn ìpínlẹ̀ kan tọ́jú díẹ̀ de ìgbà tí àrùn náà bá tún dé. Olè jíjà kò ní orúkọ mìíràn níwájú Ọlọ́run, ìjọ kò sì gbọ́dọ̀ gbà á láàyè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ṣì dúró: kí ni oúnjẹ ń ṣe nínú àká fún oṣù púpọ̀ nígbà tí ìkòkò ṣófo?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde bílíọ̀nù náírà márùn-ún fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ra ìrẹsì àti àgbàdo fún àwọn aláìní. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò láti fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ní ₦25,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn aláìní náà? Ní oṣù keje ṣáájú rẹ̀, àwọn gómìnà fúnra wọn ti sọ pé àwọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ìwé orúkọ tí ìjọba àpapọ̀ ní. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n dá ètò náà dúró fún ìwádìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN yẹ àwọn olùgbà wò. Owó wà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ilé tí ebi wà.

Èyí tó dun ni jù lọ ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ní ọjọ́ 18, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi àríyá tí wọ́n ti fẹ́ fún wọn ní ẹ̀bùn. Ní ọjọ́ 21, ènìyàn 10 kú ní Maitama ní Àbújá, níbi tí wọ́n péjọ sí láti gba oúnjẹ Kérésìmesì. Àgbàlá ilé Olúwa ni èyí kejì ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọkàn rere ló fẹ́ ṣe oore. Ṣùgbọ́n nígbà tí ebi bá pọ̀, tí ẹnu ọ̀nà sì jẹ́ ẹyọ kan, oore lè di òfò. Ọ̀nà tí a fi ń pín oúnjẹ ṣe pàtàkì bí oúnjẹ náà fúnra rẹ̀.

ÀKÁ ÌLÚ KỌ̀Ọ̀KAN

Nígbà tí a bá ń wàásù nípa Jósẹ́fù, àlá, ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ààfin ni a máa ń sọ jù. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tó ṣe. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 41, ó gba ìdá kan nínú márùn-ún irè oko ní ọdún méje tí oúnjẹ pọ̀. Ó kó o jọ pẹ̀lú ìṣirò. Ẹsẹ 48 sì fi hàn wá pé irè oko tó yí ìlú kan ká, inú ìlú náà gan-an ni ó tọ́jú rẹ̀ sí. Kò kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà Fáráò. Nígbà tí ìyàn mú, ó ṣí àwọn àká náà. Àká tó súnmọ́ ìkòkò ni ó rọrùn láti ṣí.

Ìjọ àkọ́kọ́ náà ní irú ìṣòro yìí. Nínú Ìṣe 6, oúnjẹ wà, ìfẹ́ wà, ṣùgbọ́n wọ́n ń fo àwọn opó kan nínú ìpín ojoojúmọ́. Àwọn Àpọ́sítélì kò sọ pé ẹ̀mí ìkùnsínú ni kí wọ́n lé jáde. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tó ní orúkọ rere, tó kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Ẹsẹ keje fi yé wa pé lẹ́yìn èyí ni iye àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pọ̀ sí i gidigidi. Ìpín tó tọ́ di ọ̀nà ìhìnrere.

OHUN TÍ ÌJỌ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

1. Ẹ ní ìwé orúkọ. Ìjọba lè má mọ ilé tí wọn kò dáná láti àná, ṣùgbọ́n olórí ẹgbẹ́ ìjọsìn ilé mọ̀ ọ́n. Kí ẹ kọ orúkọ àwọn opó, àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn arúgbó tí kò ní ọmọ nítòsí, àwọn ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ. Kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Kí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀ tó mọ bí a ti ń pa àṣírí mọ́.

2. Ẹ gbé oúnjẹ lọ sí ilé. Ẹ má ṣe pe èrò sí ẹnu géètì kan. Bí ẹgbẹ́ ìjọsìn ilé mẹ́wàá bá gbé àpò kọ̀ọ̀kan lọ sí àdúgbò wọn, kò ní sí ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ojú kò sì ní ti ẹni tó gbà á.

3. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ẹ ń ràn lọ́wọ́. Nínú Rúùtù 2, Bóásì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣírí ọkà sílẹ̀, kí wọ́n má sì bá obìnrin náà wí. Kò pe àwọn ará ìlú wá wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun yíya fọ́tò opó tó gbé kóńgò ìrẹsì kan lọ́wọ́.

4. Ẹ máa ṣe ìṣirò ní gbangba. Nínú 2 Kọ́ríńtì 8, Pọ́ọ̀lù kò dá gbé owó ìrànwọ́ nìkan. Ó mú àwọn mìíràn tí ìjọ yàn lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. A kò lè béèrè ìṣirò lọ́wọ́ gómìnà bí a kò bá lè ka ti àpótí àánú fún ìjọ.

NÍNÚ ILÉ WA

Kí ọkọ àti aya jókòó pọ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀. Ìjà púpọ̀ ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé ọkọ ń fún ìyàwó ní iye owó oúnjẹ tó ń fún un ní ọdún 2022, ó sì ń bínú pé ọbẹ̀ kò lẹ́ran. Bàbá, ẹ tẹ̀ lé ìyàwó yín lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó bọ̀wọ̀ fún un nígbà tí ẹ bá padà dé. Ìyá, bí owó bá kù díẹ̀, ẹ sọ fún ọkọ yín kí gbèsè tó dé. Ẹ má ṣe lọ gba ẹ̀yáwó ní ìkọ̀kọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yáwó orí fóònù. Bí ẹnìkan bá yá ₦20,000, tó sì ní láti san ₦26,000 padà lẹ́yìn oṣù kan, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kan péré. Kò sí òwò àkàrà tàbí ata lílọ̀ tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti dójú tì, tí olùyánilówó fi ọ̀rọ̀ èébú ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù wọn. Àjọ ìjọba FCCPC ti bẹ̀rẹ̀ sí forúkọ àwọn olùyánilówó wọ̀nyí sílẹ̀ láti ọdún 2022. Ẹ wádìí níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó sàn kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ dá àjọ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, níbi tí a ti mọ ara wa.

Nígbà tí opó inú 2 Ọba 4 ké tọ Èlíṣà lọ pé olówó fẹ́ mú ọmọ òun méjèèjì ṣe ẹrú, ìbéèrè wòlíì náà ni ohun tí ó ní nínú ilé. Òróró díẹ̀ ni. Ọlọ́run bù kún un, ṣùgbọ́n obìnrin náà ló yá ìkòkò, òun ló da òróró, òun ló tà á, òun ló san gbèsè, òun àti ọmọ rẹ̀ sì fi èyí tó kù jẹun. Iṣẹ́ ìyanu kò gba iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ MÁ ṢE DÁKẸ́

1 Tímótì 2 ní kí a gbàdúrà fún àwọn tó wà ní ipò àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n àdúrà kò di wá lẹ́nu. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ ní láti máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ni àká tó súnmọ́ ìkòkò wa jù. Kí àwọn àgbà ìjọ lọ bá alága wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n béèrè iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe fún ilé ìwòsàn kékeré, ọjà àti ọ̀nà oko. Èyí kì í ṣe ìṣèlú ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́. Ìfẹ́ ọmọnìkejì ni. Àwọn ọmọ wa tó ti wọ ipò ìjọba náà, kí wọ́n rántí pé Jósẹ́fù ò ta kọ́kọ́rọ́ àká fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan wo ilé mẹ́ta tó yí i ká. Bí èéfín kò bá jáde nínú ọ̀kan, kí a mú díẹ̀ nínú tiwa lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Olúwa tó bọ́ Íjíbítì ní ọdún ìyàn yóò pèsè fún wa, yóò fún àwọn olórí wa ní ọgbọ́n, yóò sì jẹ́ kí ọwọ́ wa di ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé inú ìkòkò aláìní, ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.